Bí Fóònù Ṣe Fi Àwọ̀ Ewé Dá Mi Láre ní Àbújá

Ẹ̀yin ará Ọmùò, ẹ̀yin tí ẹ ti ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà mi láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń díbọ́n pé ẹ wá fọnná, mo ti rí yín. Kò sí ẹni tó ń wá iná lọ́dọ̀ opó mọ́ nígbà tí ìṣáná wà ní gbogbo ìsọ̀. Àbújá lẹ fẹ́ gbọ́. Ó dáa, ẹ jókòó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ń kọ̀wé, orí mi kò sì tíì gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò ní ṣe bí àwọn tó lọ fún ìsinmi ránpẹ́, tí wọ́n á dé tán tí wọ́n á máa fi imú sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí a sin Bàbá Fúnmi tán, tí ẹ jẹ ìrẹsì yín tán, tí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, èmi àti àga rẹ̀ ló kù. Káfíńtà tó kan àga fún gbogbo ìlú, tí àga tirẹ̀ ń mì. Ọkùnrin yẹn kò jẹ oúnjẹ mi rí kó má sọ pé iyọ̀ ò tó. Bí mo bá da odidi àpò iyọ̀ sínú ọbẹ̀, á tọ́ ọ wò, á fi ahọ́n lá ètè, á ní, "Ìyá Fúnmi, iyọ̀ ò tó." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ títí tó fi kú. Èmi náà sì ń fi í bínú títí tó fi kú.

Ni Fúnmiláyọ̀ ọmọ wa bá pè mí láti Àbújá. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ń ṣe irinṣẹ́ kan sínú fóònù fún àwọn tí ìbànújẹ́ ti gbé mì, pé láràárọ̀ ni yóò máa béèrè bí ènìyàn ṣe wà, bó bá sì rí i pé nǹkan kò lọ déédéé, á ké sí nọ́ọ̀sì.

Mo ní, "Màmá Débọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa níbí. Ó ń yọjú láràárọ̀, bó sì ṣe rí mi ló ń ròyìn mi fún gbogbo àdúgbò. Kì í gba owó kankan."

"Màámi, ẹ ò lè dá gbé inú ilé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́."

Bí ọmọ ẹni bá ti sọ "ẹ jọ̀ọ́" bí ẹni tó fẹ́ sunkún, ẹrù ni ènìyàn ń dì. Ṣùgbọ́n a jọ ṣe àdéhùn: ọjọ́ tí fóònù náà bá ti sọ pé ọkàn mi ti fìdí balẹ̀, n ó padà sílé. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́, kí n dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí koríko má baà bo sàréè Bàbá Fúnmi. Mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní bá mi ro ó.

*

Ọ̀nà

Múfútàù ló wa ọkọ̀ wa. Ọmọkùnrin tó níwà ni, àyàfi pé láti Ọmùò títí dé Kàbbà ni ìwàásù kan ń dún nínú rédíò rẹ̀, tí oníwàásù náà ń sọ fún wa pé a máa kú. Mo ní, "Múfú, a ti gbọ́. Ṣé kò ní ìròyìn mìíràn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Comfort jókòó tì mí, ará Kàbbà. Ó jẹ ẹ̀pà, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fi lọ̀ mí. Nígbà tí a dé Lọ́kọ́jà, tí omi méjèèjì yẹn tẹ́ rẹrẹ lọ bí ilẹ̀ tí ẹnì kan gbá mọ́, ó ra ẹja yíyan, ó ya ìdajì fún mi, ó wá béèrè pé, "Ìyá, bàbá ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nílé."

N kò purọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Comfort ní, "Ara wọn le?" Mo ní, "A dúpẹ́." Ó ní, "Olúwa ṣeun." Àwa méjèèjì bá ń jẹ ẹja wa lọ. Ẹja náà dùn. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó.

*

Àwọn tí kì í jẹ iyọ̀

Life Camp ni wọ́n ń pe ibi tí Fúnmi ń gbé. Ògiri ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ògiri yí ilé ká, ògiri tún yí ògiri ká, ẹ̀ṣọ́ kan á wá jókòó sẹ́nu géètì kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kí ẹlòmíràn. Dánlámì ni ẹ̀ṣọ́ tiwọn. Òun nìkan ló kí mi bí ènìyàn ládùúgbò yẹn. "Sànnu, Màmá." Ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ilé, ó béèrè bí ó ṣe rẹ̀ mí tó. Fúnmi ní kí n ṣáà máa dáhùn pé "yauwa". Láti ọjọ́ náà, ohun tí Dánlámì bá sọ, yauwa ni. Ó lè jẹ́ pé ó ń sọ fún mi pé ilé ń jó. Yauwa.

Kúnlé ọkọ Fúnmi ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì tó ń dán, ẹ̀rù bà mí kó má yọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní kó má jẹ iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà gbogbo ilé ló ń ṣàìsàn rẹ̀. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, omi gbígbóná tó ní àwọ̀ ni. Mo tọ́ ọ wò. Mo wo ojú gbogbo wọn. Wọ́n ń jẹ tiwọn lọ. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo ní mo ti yó.

Tómi ọmọ wọn ní tirẹ̀, Yorùbá ni mo ń sọ sí i, òyìnbó ló ń dá padà. Gbogbo ohun tí mo sọ ló gbọ́. Ó kàn dà bí ẹni pé mo ń ju bọ́ọ̀lù sí i, tó sì ń ju òkúta padà.

*

Ojú tó ń rẹ́rìn-ín

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fúnmi gbé fóònù kan lé mi lọ́wọ́. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde nínú rẹ̀, ohùn tó mọ́ tónítóní, bíi ti ẹni tí kò gún iyán rí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Báwo ni ara yín lónìí?"

Àwòrán ojú bíi mélòó kan wà nísàlẹ̀. Èyí ń rẹ́rìn-ín, èyí kàn ń wò, èyí ń sunkún.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dá a. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí kí yín káàárọ̀, ó béèrè ara yín. Kí lẹ máa sọ? Ẹ máa sọ fún un pé ẹ kò sùn? Pé ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn bí oyin lórí yín, tí ọwọ́ yín sì ń wá ẹnì kan kiri orí bẹ́ẹ̀dì? Ìyá mi ì bá jí láti ibojì wá gbá mi létí. Mo ní, "A dúpẹ́," mo tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé oúnjẹ ń wù yín jẹ?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi."

Ni gbogbo ojú fóònù bá di àwọ̀ ewé. Ó ní inú òun dùn fún mi. Fúnmi, tó ń wò láti ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọ̀ mẹ́ta ló ní: ewé ni pé àlàáfíà wà, ìyeyè ni pé kí ẹnì kan yọjú, pupa ni pé kí nọ́ọ̀sì máa sáré bọ̀. Mo bi í pé àwọ̀ wo ni wọ́n fi ń wọkọ̀ lọ sílé. Ó ní, "Ewé, Màámi."

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìwà ọmọlúwàbí àti ọ̀nà Ọmùò wá ń gba ojú kan náà lọ. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín. N kò ṣiṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

*

Jàbí

Ọ́fíìsì wọn wà ní Jàbí, kò jìnnà sí adágún omi ńlá kan tí àwọn ènìyàn máa ń lọ wò láìpọn omi. Ọ̀dọ́ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sábẹ́ tábìlì, wọ́n sì ń mu omi nínú ìgò tó rí bíi ti ọmọ jòjòló. Wọ́n yẹ́ mi sí. Olúkúlùkù ló ń béèrè pé, "Màmá, báwo ni?" Kí n tó sọ pé a dúpẹ́, wọ́n ti kọjú sí kọ̀ǹpútà wọn padà.

Ládì nìkan ló máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Nọ́ọ̀sì ni, Gbàgyí ni, ilé àwọn bàbá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó gbé Àbújá lé wọn lórí. Ìlọrin ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta gbígbóná.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Alhaji Ràfíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ àti korobá ní ọjà Dútsè Alhaji. Jímọ̀ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀, ṣàìsàn díẹ̀, ó sì kú. Òun náà ń dán fóònù wò bíi tèmi. Wọ́n fi wá sórí àga tìmùtìmù kan, wọ́n fún wa ní mítípáì.

Mo ní, "Alhaji, àwọ̀ wo ni tiyín?"

Ó ní, "Ewé ni o, Ìyá Fúnmi. Ewé tẹ̀tẹ̀ pàápàá. Tiyín ńkọ́?"

"Ewé ni."

"Alihamudulilai."

Kò jẹ mítípáì rẹ̀. Ó fi bébà dì í, ó tì í sápò. Mo rí i. Èmi náà ti di tèmi sínú báàgì, ó sì rí mi. A jọ ń wo ilẹ̀.

*

Ọjọ́ tí àlejò dé

Ní ọjọ́ kan, àwọn ènìyàn pàtàkì wá wo iṣẹ́ wọn. Kóòtù ni wọ́n wọ̀ nínú oòrùn yẹn. Fúnmi tan àwòrán kan sára ògiri, ó ní ọkàn àwa àgbàlagbà tí à ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dà bí oko lẹ́yìn òjò. Ẹ ò rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ rí: opó, ẹni tí ìyàwó kú fún, ẹni tí ọmọ kú fún, gbogbo wa ń yọ̀. Àlejò kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń kí mi kú oríire. Díẹ̀ ló kù kí n bi í bóyá òun náà kò fẹ́ kí ẹnì kan kú fún òun.

Fúnmi sọ ọ́ kẹ́lẹ́ sí mi létí, ó ní, "Màámi, ẹ lè máa di ẹrù yín. Ẹ máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Inú mi dùn dé gbogbo ìka ẹsẹ̀. Mo ti ń rí ọkọ́ tí n ó fi ro koríko.

Àga Alhaji Ràfíù ṣófo lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí fóònù Ládì dún. Alhaja Mọ̀ríyámọ̀ ni, ìyàwó Alhaji. Ó ń ké débi pé àwa tí a jókòó gbọ́ ọ. Ó ní Alhaji ti wọ inú ìsọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun. Ó ní gbogbo oúnjẹ tí òun ń gbé lọ fún un látọjọ́ yìí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lẹ́yìn ìsọ̀, àwọn ológbò ń jẹ ẹ́.

Ládì wo Fúnmi. "Fóònù ẹ̀ ńkọ́?"

Fúnmi tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ewé. Láàárọ̀ yìí."

*

Dútsè Alhaji

A dé ibẹ̀, Fúnmi, Ládì àti èmi. Alhaja Mọ̀ríyámọ̀ ti bẹ àwọn ọlọ́jà kan, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn. Alhaji jókòó sẹ́yìn àwọn abọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Ó ti rù débi pé ó fi okùn so ṣòkòtò mọ́ ìbàdí, ó sì tún ń bọ́.

Ládì kúnlẹ̀. "Bàbá, sànnu. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Ládì. A dúpẹ́."

Fúnmi náà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ò jẹun. Ṣé ara yín yá?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ẹ káàbọ̀. Mọ̀ríyámọ̀, wá àga fún àlejò."

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Mo mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ohun tí èmi náà ń ṣe ni. Bí mo bá sì la ẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo ti la á lórí tèmi nìyẹn, níwájú ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Báàgì mi wà nílé ní dídì, n kò tíì tú u láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo rò ó. Ẹ má pè mí ní ènìyàn mímọ́, mo rò ó dáadáa. Mo tún wo okùn ṣòkòtò yẹn.

Mo ní, "Alhaji, irọ́ lẹ ń pa. Mo mọ̀, nítorí irọ́ kan náà ni mo ń pa."

Fúnmi yíjú padà. "Màámi?"

"N kò sùn rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ. Oúnjẹ rẹ, Tómi ló ń bá mi jẹ ẹ́. Kí fóònù yẹn lè jẹ́ kí n lọ ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín fún un."

Alhaji bá rẹ́rìn-ín kan báyìí, gbígbẹ. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ ti tú àṣírí wa."

"Ó ti tú. Ẹ jẹ́ kó tú tán. Jímọ̀, kí ló máa ń ṣe tó máa ń bí yín nínú?"

Ó wò mí títí. Ó ní Jímọ̀ kò mọ abọ́ tò. Ó ní kékeré ló máa ń tì sísàlẹ̀, á gbé ńlá lé e lórí, gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀ níwájú oníbàárà. Ó ní láràárọ̀ lòun máa ń bú u. "Bí mo bá tò wọ́n báyìí, Ìyá Fúnmi, bí mo ṣe tò wọ́n náà ni mo ń bá wọn. Wọn kì í ya mọ́." Ó bá bú sẹ́kún, àgbà ọkùnrin, láàárín korobá. Èmi náà sọ ti iyọ̀ fún un. Nígbà tí Alhaja gbé kùnú dé, ó mu ún, Ládì di ife náà mú fún un títí ó fi tán. Ládì kò sì kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

*

Nínú ọkọ̀

Nígbà tí a ń padà bọ̀, inú Fúnmi ń ru. Ó ní mo ti fi iṣẹ́ òun ṣẹ̀sín. Mo ní òun ló rán fóònù kó máa kí mi bí àlejò. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ìbéèrè ìlú òyìnbó la mú, a kàn wọ̀ ọ́ láṣọ Yorùbá. Ládì ti sọ ọ́ nígbà kan, pé nílé tiwọn náà, bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń kú lọ, bí wọ́n bá ti kí i, lafiya, pé àlàáfíà wà, ni yóò sọ. N kò fetí sílẹ̀. Ewé yẹn ń dùn mọ́ mi."

Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́, Fúnmi? Báwo ni ara rẹ?"

"A dúpẹ́, Màá..."

Ó ya ọkọ̀ sẹ́bàá títì. Bàbá rẹ̀ ló kú, ẹ̀yin ará ilé, gbogbo wa ti gbàgbé, èmi ni gbogbo yín ń kí. Ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó ń sunkún bí ìgbà tó wà ní kékeré. Àwọn tó ń ta kárọ́ọ̀tì sáré wá, wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n rọra padà. Kai, àwọn nìkan ló mọ ìwà hù ní gbogbo Àbújá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó gbójú sókè, ó nu imú. Ó ní, "Màámi, ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn?"

"Kì í fún un pinpin mọ́ férémù."

"Ó máa ń ní kí n fi àyè sílẹ̀, nítorí igi máa ń wú lásìkò òjò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kan nǹkan yìí. Gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀ ló ṣeé yọ, tí ìlú kọ̀ọ̀kan á fi tirẹ̀ sí i, tí ohunkóhun kò sì ní bàjẹ́. A ti fi àyè sílẹ̀. A kàn jókòó ni, a kò lò ó."

Wọ́n lò ó. Ládì àti Fúnmi ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè ohun tí kálukú máa ń sọ fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Alhaji Ràfíù bu tirẹ̀ sí i. Ìgbà tí fóònù mi tún kí mi, kò bi mí nípa ara mi mọ́. Ó béèrè ohun tí mo sè, àti ẹni tí mo bá jẹ ẹ́, àti ohun tí mo gbọ́ tí mo fẹ́ sáré lọ sọ fún ẹnì kan tí kò sí mọ́. Mo pẹ́ lórí èyí tó kẹ́yìn. Ó di àwọ̀ ìyeyè.

Mo ní, "Ó tán. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó lọ sílé."

Fúnmi ní, "Màámi, ewé yẹn ni ì bá bà mí lẹ́rù. Ìyeyè, mo lè fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ orúkọ ẹnì kan tó wà nítòsí, tí yóò máa pè."

Orúkọ tìrẹ ni mo fún un, Màmá Débọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí fóònù ìwọ náà ṣe ń dún láràárọ̀, tí o fi ń wá sọ́dọ̀ mi tí o ń díbọ́n pé o wá fọnná.

*

Ilé

Koríko ti bo sàréè Bàbá Fúnmi kí n tó dé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ro ó. Mo fi ọwọ́ ara mi ro ó, òjò àkọ́kọ́ sì pa mí sídìí rẹ̀.

Fóònù náà pè mí láàárọ̀ òní. Ó ní, "Màmá, kí lẹ sè lánàá?"

Mo ní iyán, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Mo wo àga tó ń mì yẹn. Mo fi ahọ́n lá ètè mi. Ohun tó wà níbẹ̀ láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó máa sọ ọ́.

Mo ní, "Iyọ̀ ò tó."